Ẹ̀rọ Abẹ́ Tapólì

Ṣómólú, Ọjọ́bọ̀.

Ojú ń tì mí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìtẹ̀wé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, wọ́n mú lẹ́tà dání. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá mi tí sójà gbé lọ padà sọ́wọ́ wọn. Láyé sójà, ta ló jẹ́ dán irú ẹ̀ wò?

"Ó ku ká mọ ẹni tó rà á ní gbàǹjo ìjọba. Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

Mo ní, "Rárá o, sà."

Èmi ni mo rà á. Ẹ̀yìn mi níbẹ̀ ló wà, lábẹ́ tapólì. Mo tiẹ̀ ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú wo tapólì náà.

"Máa kán epo sí i lápá òsì. Ibẹ̀ ló máa ń tètè gbẹ."