Etí Lubabah àti Fáírọ́ọ̀sì Inú Fóònù Mi

Munirah ọmọ mi, ọmọ Àṣàkẹ́,

Àsàlámù àlékún o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Ìlúpéjú? Najeem ọkọ rẹ ńkọ́? Ilé tí ẹ gbà ní Àgùdà ńkọ́, ṣé omi òjò kò tíì tún wọlé bá yín? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin inú ìtẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò fi gbé e ṣubú, á máa ṣọ́ ẹ lójú títì Èkó. Iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ yìí kò ní gba ìlera lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, oore ni wàá bá níbẹ̀, àmín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń kí ẹ, orúnkún tó ń dùn ún ti fún un ní ìsinmi díẹ̀. Ewúrẹ́ abilà ti bí, akọ ni méjèèjì. Lubabah ọmọ rẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà wà, ó ń jẹ, ó ń mu, bí o bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ báyìí wàá rò pé ó há àkàrà sẹ́nu ni.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa pe fóònù mi tí kò ní lọ. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Fóònù náà kò sọnù, èmi ni mo gbé e pamọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, á tan fúnra rẹ̀, á kú fúnra rẹ̀, ni mo bá gbé e lọ bá Kelvin, ọkọ tíṣà obìnrin tí ìjọba gbé wá sí ilé-ìwé wa, òun ló ń tún fóònù ṣe níwájú mọ́ṣáláṣí. Kelvin wò ó títí, ó ní, Bàbá Ladánì, fáírọ́ọ̀sì ló wọnú fóònù yín. Munirah, mo sáré sún sẹ́yìn! Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì yìí kan náà lo ní dókítà dárúkọ fún ẹ? Èyí tó wọ ara rẹ nígbà tí oyún Lubabah ṣì kéré, tí ara rẹ gbóná, tó sì sú wẹẹrẹ, tí gbogbo wa rò pé ooru ni, tó sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ inú ló lọ bá, tó lọ fọwọ́ kan etí rẹ̀? Mo bi Kelvin bóyá ó lè ti inú fóònù bọ́ sí ọmọ kékeré lára. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tí kò dáhùn, nǹkan ló ń fi pamọ́. Ó ní òun máa bá mi fọ inú rẹ̀ bí òun bá ráyè, mo ní kó má lo ọṣẹ dúdú. Ṣùgbọ́n títí yóò fi ráyè, mo ti wé fóònù náà sínú ọ̀rá, mo gbé e sínú ìkòkò òfìfo lẹ́yìn ilé, níbi tó jìnnà sí ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Tìrìmísíyù tó máa ń kó gàrí lọ sí Ìjọra ló máa mú un wá fún ẹ, fún un ní omi tútù mu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fóònù kékeré tó wà létí ọmọ. O ti ṣàlàyé kí o tó lọ pé kì í ṣe fóònù, pé ohun tó ń gbé ohùn sókè fún un ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ etí, tó ń lo bátìrì, tó sì ń hó fíìì bí èèyàn bá fọwọ́ bò ó, kí la fẹ́ pè é? Mo sì rò ó pé àwọn dókítà Èkó kò ní gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lọ́wọ́ kí wọ́n má máa gbọ́ bó ṣe ń ṣe sí. Nítorí náà, láràárọ̀ tí ìyá rẹ bá ti fi í sí i létí tán, mo máa ń lóṣòó síwájú ọmọ, mo máa ń sọ pé, Dókítà, ẹ káàárọ̀ o, ọmọ sùn dáadáa, ó mu ògì, ó sì yàgbẹ́. Dókítà kò tíì dáhùn rí, mo mọ̀ pé èrò á pọ̀ níwájú wọn. Lubabah á sì máa wo ẹnu mi, á máa wò ó bíi pé owó fẹ́ jáde níbẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi, òun kò rí i kí n bá ọmọdé kankan sọ̀rọ̀ tó báyìí.

Ṣé o rántí Iléyá tó kọjá, tí mo gbé gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wálé, tí mo dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọmọ sùn sí? Adìyẹ fò gun òrùlé, Lubabah kò mira. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oorun ìyá mi ló jogún. Ìwọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. O gbé e, o lọ bá dókítà, o ṣeun, ọmọ mi.

Ọjọ́ kejì tí o lọ, mo ní kí ìyá rẹ gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà ìrun Alásárì, kí nǹkan etí náà sì wà létí rẹ̀. O mọ̀ pé ohùn mi kì í ṣe kékeré. Mo kọjú sí gábàsì, mo fọwọ́ di etí, mo lanu. Àfi gbìì tí ọmọ lẹ̀ mọ́ ìró ìyá rẹ, ó fọwọ́ bo orí, ó figbe ta. Ó ké débi pé àwọn tó ń ṣe àlùwàlá dìde. Ladánì kì í dá ìrun pípè dúró láàárín, nítorí náà n kò dúró, ṣùgbọ́n ohùn mi ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú mi wọ inú irùngbọ̀n. Nígbà tí a kírun tán, Lèmọ́mù bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní ọmọ-ọmọ mi kò fẹ́ràn ohùn mi, ẹ bá mi dúpẹ́.

Ìwé tí àwọn dókítà ní kí a kọ ìdáhùn sí, mo ti gbìyànjú. Kelvin ló ń bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n bi wá níbẹ̀ pé ṣé Lubabah ń gun àtẹ̀gùn. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí àtẹ̀gùn nílé wa, ni mo bá gbé e lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alhaji, ó gùn ún dókè, ó wá kọ̀ kò sọ̀ mọ́, èmi ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni fún gígùn. Èyí tó ṣòro ni ibi tí wọ́n ti ní ṣé ó lè to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin léra. Mo wo ọmọ, mo wo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń mọ ògiri mọ́ṣáláṣí, mo ní àwọn ará Èkó yìí kò láàánú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Kò lè gbé e. Èmi náà kò lè gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n mo fi kún un pé ó máa ń to agolo mílíìkì ìyá rẹ léra títí tó fi ga jù ú lọ, á wá ta á nípàá, kí wọ́n má bàa rò pé ọ̀lẹ ni.

Wàyí o, ìyá Najeem wá kí ọmọ láti Mushin. Wọ́n mú búrẹ́dì wá, wọ́n mú bàtà pupa wá fún un, a sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí a jókòó, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, èyí tó pa ẹ́ lẹ́kún lọ́jọ́sí. Wọ́n ní ìwọ lo máa ń rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí o wà nínú oyún, pé ibẹ̀ ni nǹkan ti ṣe ọmọ létí. Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo mọ ojú tó ń wò yẹn, ni mo bá yára gba ọ̀rọ̀ sọ kí ilé tó dàrú.

Mo ní, àna mi, ẹ má bínú, fáírọ́ọ̀sì kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Mo ní fóònù tèmi, inú àpò agbádá ni mo máa ń fi í sí, kò fẹsẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan rí, kò lóyún, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì wọnú rẹ̀, ẹ lọ bi Kelvin. Kí ni fóònù ṣe? Ta ni fóònù ṣẹ̀? Ẹni tí òjò bá rí ni òjò ń pa.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí fóònù ọ̀hún. Mo mú wọn lọ sídìí ìkòkò, wọ́n na ọrùn wò ó láti òkèèrè, wọn kò sún mọ́ ọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì kò kúkú yan ẹnì kan lóòótọ́. Ibẹ̀ la wà tí Lubabah ń wọ́ abọ́ kiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, bí àgbàlagbà ṣe máa ń pe ọmọ. Ọmọ yíjú, Munirah. Ó ju abọ́ sílẹ̀, ó wá dúró níwájú wọn, ó na ìka, ó fi kan ètè wọn, bíi kó ní kí wọ́n tún un sọ. Ìyá Najeem jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dára yẹn, wọ́n ń pe Lubabah, Lubabah, títí ohùn wọn fi ha. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn á yà sí Àgùdà, pé ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan kò ní jáde lẹ́nu àwọn mọ́. Bí wọ́n bá dé, se ẹ̀bà fún wọn, kí o sì kúnlẹ̀ dáadáa.

Ọmọ kò tíì sọ̀rọ̀ o, n kò ní parọ́ fún ẹ. Dókítà ti ní yóò pẹ́, kí a ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ó ti fún mi lórúkọ. Bó bá ń wá mi, á fọwọ́ méjèèjì di etí, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ń pe ìrun, gbogbo àdúgbò á sì fi ibi tí mo wà hàn án. Ìyá rẹ ní òun náà fẹ́ orúkọ, òun ń dúró.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún ìyá rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, pé ara rẹ ló pa ọmọ rẹ lára, ó sọ ọ́ fún mi. Má tún un sọ mọ́. Ibà ló mú ẹ, ìwọ kọ́ lo ránṣẹ́ pè é.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún kò pọ̀. Bátìrì kéékèèké inú nǹkan etí ọmọ ti fẹ́ tán, mo fi ti redíò mi wò ó, kò wọlé, bá wa ra òmíràn. Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí o ní ọsibítù ń kọ́ àwọn tó ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Èmi àti ìyá rẹ fẹ́ wá kọ́ ọ. Mo sì fẹ́ rí dókítà lójúkojú, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ mi. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, kí n fi san owó Kelvin.

Ọmọ tí o ń tọ́, á tọ́ ẹ. Ẹnu tó ń dúró dè yìí, Ọlọ́run á là á, ojú rẹ àti ojú wa ni yóò ṣe. O kò ní fi ẹkún sùn mọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abọ́dúndé Ladánì.

Ilà wọ́gọwọ̀gọ tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Lubabah ló gba bírò lọ́wọ́ mi tó kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló kọ, ó wo ẹnu mi, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ gbà lọ.