Ìwé Àwòrán tí Bàbá Rà fún Mi

Ọjọ́bọ̀, Dàda Estate, Òṣogbo.

Mo fi ìwé àwòrán tí Bàbá rà fún mi nígbà ìjọba òyìnbó han Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, lónìí. Nínú àwòrán kan, ọmọ òyìnbó kan jókòó sórí àga. Àwọn ènìyàn dúdú tí a ya ètè wọn tóbi ju ojú lọ ni ó rù ú.

"Màmá Àgbà, èwo ni yín níbí? Àbí ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó rù ú?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ òyìnbó yẹn ni mo máa ń fi ara mi pè nígbà tí mo wà ní kékeré. Lórí itan Bàbá ni mo ti ń fi àwọn yòókù ṣe ẹlẹ́yà.

Alárùú ni Bàbá ní ibùdó rélùwéè; ẹrù òyìnbó ni ó ń rù. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó rí ara rẹ̀ nínú àwòrán náà, ó sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín.