Àga Bàbá Mi ní Kọ́ńsáàtì

Ìwó,
3 Oṣù Kejìlá, 1983.

Bàbá mi,

Àsàlámù aláékùm. Láti ìgbà tí ẹ ti rán mi wálé wá kàwé, ara mi le. Ẹ sọ fún Ìyá mi pé n kì í sunkún mọ́.

Iṣẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo gba ipò kejì nínú ìṣirò. A tún ya máàpù, mo sì fi ìka wọn Ìwó dé Abíjàn lọ́dọ̀ yín. Ìka mẹ́ta péré ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n dá orin ní kọ́ńsáàtì ilé ìwé wa. Mísìs Àyànbádéjọ, tíṣà orin wa, bi mí pé, "Hàbíbátù, ta ló kọ́ ẹ tí èémí rẹ fi gùn báyìí?" Mo ní bàbá mi ni, ààfáà ni wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí n mí láàárín ọ̀rọ̀ tí mo bá ń ké kùránì. Ni Mísìs bá ní kí gbogbo akọrin máa mí bíi tèmi.

Níbí, ẹni tó bá dá orin tán máa ń kúnlẹ̀ fún òbí rẹ̀ tó jókòó sórí àga níwájú, títí òbí náà á fi ní kó dìde. Ìyá Àgbékẹ́ tó ń se oúnjẹ wa ní àwọn á bá mi jókòó sí àga yín. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Àwọn kọ́ ló kọ́ mi.

Bùròdá Yẹ̀kínì tó mú lẹ́tà yìí á dé ọ̀dọ̀ yín kó tó di ọjọ́ kọ́ńsáàtì náà. Ẹ bá mi kí Ìyá mi àti Gàníyù àbúrò mi. Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí ẹ bá ti kírun Àsárì tán, mo máa kúnlẹ̀ síwájú àga yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde.

Ọmọ yín,
Hàbíbátù.