Ẹ Má Wọnú Jíìpù Láàárọ̀ Yìí

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sínú jíìpù gbọ́ ìròyìn lónìí. Wáyà iná ńlá tí mo so mọ́ iwájú ẹ̀ lánàá ti ń gbóná, ó ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó, bẹ́ẹ̀ mi ò tan iná ọ̀hún. Ẹ bi mí lánàá bóyá mo fi fíúsì tó máa ń gé iná sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ojú ló ń kán mi. Mo fẹ́ tú orí bátìrì, nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti dógùn-ún, kò tú. Mo sáré lọ pe ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo mọ̀ pé ẹ tọ́jú òmíràn sínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Rédíò mi nìyí. Ẹ jókòó tì í, kí n lè bá yín láàyè.

Àbígbẹ̀yìn yín