Òǹtẹ̀ Tí Mo Fagi Lé

                                                                4-13, Ṣinohara,
                                                                Kóbè.
                                                                Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2023.

Chigusa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ewé òkun gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo ti fi se ọbẹ̀ títí ó fi tán. O ṣeun, o ò ní ráhùn.

Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ wa ni kí á fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ìgbì òkun yóò ṣe wọ ìlú tí ilẹ̀ bá mì. Ohun tí a bá kọ, ògbufọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Ògbufọ̀ tuntun dé lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí á fi ìlú méjìlá létí òkun dán an wò, kí á fi wé ti àtijọ́. Háà, ó yára! Ìṣirò tó ń gba wákàtí mẹ́sàn-án, mẹ́rin péré ló fi parí ẹ̀. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi, tó máa fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ó bu òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ lu ìwé àbájáde, gbogbo wa náà lu tiwa tẹ̀ lé e, a jẹ́ kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè máa tẹríba fún tirẹ̀. O ṣáà mọ àṣà ọ́fíìsì. Chigusa, mi ò ka ìwé náà tán kí n tó lù ú. Ọ̀gá ti lù ú, kí ni mo tún ń wò?

Ọjọ́ kejì ni mo wá fi iye omi tí àwọn ògbufọ̀ méjèèjì gbé jáde wéra. Aago ni gbogbo wa ń wò, ẹnì kankan ò wo ìdáhùn. Ti àtijọ́ ní omi yóò fi ìdajì mítà ga ju ògiri etí òkun ìlú yín lọ; ti tuntun ní kò ní dé orí rẹ̀ rárá. Kó lè yára, ṣe ló ń ka gbogbo omi tíntìnnín sí òfo. Ẹ gbà mí, ṣé kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà? Ìwé yìí gan-an sì ni ìlú yín fẹ́ gbára lé láti kọ́ ilé ìtọ́jú ọmọdé sẹ́yìn ògiri yẹn.

Mo tọ ọ̀gá lọ. Ó ní, "Misuzu, ṣé òǹtẹ̀ tìẹ kọ́ nìyí? Àbí ológbò ilé yín ló wá bá ẹ lù ú?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, èmi ni mo lù ú, àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ ká fi ti àtijọ́ ṣe é." Ó ní ìlú mọ́kànlá ni ìdáhùn wọn bára mu, kí ni ti ẹyọ kan? Ó ní ṣé èmi ni màá ba ìdágbére òun jẹ́ ni. Ó dùn mí wọra, torí òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo fa ìlà méjì gba orí òǹtẹ̀ mi níṣojú ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń bá mi jẹun ọ̀sán. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ tiwọn, wọ́n fi àyè tèmi sílẹ̀ lófìfo, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìlú yín. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wa. Tí ẹ bá ṣèpàdé ìlú lọ́jọ́ Àìkú, jọ̀ọ́ dìde, kí o bi wọ́n léèrè ìdí tí àyè òǹtẹ̀ kan nínú ìwé náà fi ṣófo. Bí wọ́n bá ní ta ló sọ fún ọ, dárúkọ mi.

                                                                Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                                                Misuzu Hatakeda.