Igi Mẹ́rin Lábẹ́ Dẹ́kìn

Ọjọ́ Ajé, 6 Máàṣì 1978
Mo sùn lórí ìyẹ̀fun pákó ní Sàpẹlẹ́. Mo ru búlọ́ọ̀kù títí àárín orí mi fi pá. Ogun lé mi kúrò ní Àsàbà pẹ̀lú ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà — lónìí, báńkì fẹ́ háyà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní New Benin. Ta ló tún dà bí Jayéọlá?
Àmọ́ wọ́n ní kó parí kí oṣù yìí tó tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba ilé Kẹ́hìndé, tó ń bá mi du báńkì yìí, ní Ekenwan Road. Sátidé tó kọjá la da dẹ́kìn, kọnkéré òkè ilé.

Ìṣẹ́gun, 7
Ọkọ Fadékẹ́ ọmọ mi, Olúmúyìwá — Rúlà ni mo ń pè é, àwòrán ilé ló ń yà, ìlà ló ń fà ṣáá — gbé ìwé kan wá. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni igi máa fi gbé dẹ́kìn ró. Ká tó yọ wọ́n, a ò lè rẹ́ ògiri ìsàlẹ̀. "Bàbá, bí ẹ kó ogún kafíńtà wá, dẹ́kìn la máa dúró dè. Owó yín lẹ máa dà nù." Àárín oṣù kẹrin la ó parí, ó ní.
Ta ló rán an? Mo rí òun àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 8
Adéṣínà, fọ́ọ̀màn mi, ní ọjọ́ mẹ́wàá ti tó, ká kó kafíńtà mẹ́jọ kún un. "Bàbá, olówó kì í dúró de sìmẹ́ńtì!" Ọ̀rọ̀ gidi. Mo ní kó kó wọn wá.

Ẹtì, 10
Mo bi Fadékẹ́ bóyá ọkọ ẹ̀ ń lọ sí Ekenwan. Inú bí i. Ó ní ẹni tó bá ń yìn mí nìkan ni mo ń fọkàn tán. Ọmọ yìí!

Ìṣẹ́gun, 14
Ilẹ̀kùn ti parí. Fèrèsé ti parí. Wọ́n tò wọ́n ti ògiri tí a ò tíì rẹ́, oòrùn ń ká wọn kò. Kafíńtà mẹ́jọ ń ta ayò, owó ojúmọ́ ń lọ. Mo pariwo. Àgbà inú wọn ní, "Bàbá, ilé yín ló ń sùn, àwa ò sùn o. Ẹ̀gbọ́n ló ní ká má tíì lọ."
Ẹ̀gbọ́n wo? Adéṣínà! Àbúrò ẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 15
N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń ṣọ́ wọn.

Ẹtì, 17
Mo yọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Igi mẹ́rin ti kúrò lábẹ́ dẹ́kìn — n ò rán ẹnikẹ́ni. Mo gbójú sókè. Ó ti sán, tínrín bí irun, láti igun dé àárín. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àwọn akọ̀wé báńkì máa jókòó sí.
Mo ránṣẹ́ pe Rúlà. Kò bú mi. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, àwa méjèèjì la gbé igi náà padà. Ó ní kò tíì bàjẹ́, ká fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọjọ́ ẹ̀. Mo bi í nípa Kẹ́hìndé. Ó ní wọ́n jọ wà ní kwáyà ni.
Bóyá.

Àbámẹ́ta, 18
Adéṣínà jẹ́wọ́ pé òun ló ní kí wọ́n yọ igi. Mo ti lé òun àti ẹbí ẹ̀. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó wọ aṣọ òkè mi, n ó lọ bá ọ̀gá báńkì — èmi tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni. N ó ní kó fún mi ní oṣù kan sí i, nítorí ẹ̀, kó má san owó ilé oṣù méjì àkọ́kọ́. Bó bá kọ̀, kó máa lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Ilé Jayéọlá ò ní wó pa ọmọ ọlọ́mọ.
Rúlà á bá mi lọ, kó ṣàlàyé ìlà ẹ̀ fún wọn — kí n sì lè máa wo ojú ẹ̀.