Ọ̀mọ̀wé Adégbóyèga Ajíbọ́lá, Ẹni Tó Fi Sùúrù Wo Dígí (1951–2002)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Ọ̀mọ̀wé Adégbóyèga Ajíbọ́lá ní Ìṣẹ́-Èkìtì, sí ìdílé Pa Isaac Ajíbọ́lá, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Màmá Jọkẹ́.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní Ìṣẹ́, ó ka ìwé mẹ́wàá ní Ìkẹ́rẹ́. Ó fẹ́ Ọláwùmí, olùkọ́, ní 1979, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ní Ìbàdàn ní 1984. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ó kó ẹrù padà wálé, ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan.

Dígí ló ń wádìí. Bí ohun tó yọ́ bá ń tutù di dígí, wóró rẹ̀, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tíntìntín, a há mọ́ra wọn láìtò. Olóògbé fi ìṣirò kó irú wóró bẹ́ẹ̀, ńlá àti kékeré, sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ́ wọn bí a ti ń sá kòkó, tí ọ̀kan kì í gun ọ̀kan, ó ń wo ìrìn wọn. Ní 1997 ó kọ̀wé pé bí wọ́n bá tutù dé ibì kan, wọn kì í rìn mọ́ rárá. Ìwé yìí ni wọ́n fẹ́ fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní 1999 ó fura pé òun kánjú, pé òun kò wò wọ́n pẹ́ tó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Fọláhàn, bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́. Ó kọ̀, ó gba ìwé náà padà, oyè sì bọ́. Ó dùn ún gan-an, a ò ní purọ́.

Ó kọrin ohùn ìsàlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dùùrù á ti parí, òun á ṣì wà lẹ́nu orin. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2002 ó ra bàtìrì ńlá nítorí iná tó ń lọ, ó sì tú àwọn wóró náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà fún ìrìn oṣù méje. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ni olóògbé dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pa Abíọ́lá, pàṣẹ kí wọ́n pa rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo ẹ̀rọ; ó ní ulé ọ̀fọ̀ rèé. Ìyàwó olóògbé kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní ọkọ òun nìkan ló mọ bí a ti ń tún un bẹ̀rẹ̀; kí Baba jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó parí. Baba fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà náà, wọn ò pa á.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà ni ìrìn náà parí fúnra rẹ̀. Dókítà Fọláhàn wá kà á. Kò sí wóró kan tó wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ti rìn. Ó ṣí fìlà, ó ní ọ̀rẹ́ òun jàre, ó sì sunkún.

Olóògbé fi ìyàwó rẹ̀ sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Múyìwá, Gbémi àti Ọlátúndé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan, Ẹ̀bùn.

Adégbóyèga, o jàre. Sùn re.